Ìwádìí Lórí Ipò Aláìwọsíkì ní Ìlú St. Moritz

Ìlú St. Moritz wà ní àfonífojì Engadin, ní ìpínlẹ̀ Graubünden ní ìlà-oòrùn Swítsálándì, ní gíga 1,822 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5,000 lọ, síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ibi tí yìnyín kò bọ́ sí rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni síkì, ìyẹn eré tí ènìyàn ń de pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí yóò sì yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ lórí yìnyín. Nítorí èyí, àwọn ìwé atọ́nà fún arìnrìn-àjò sábà máa ń ya orí kan sọ́tọ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá fún àwọn àlejò tí kì í ṣe síkì. Orí náà máa ń kúrú, ohùn inú rẹ̀ sì máa ń dà bí ohùn ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Èrò tí ìwádìí yìí gbé kalẹ̀ ni pé orí kúkúrú yẹn ló yẹ kó ṣáájú gbogbo orí yòókù, àti pé ẹ̀rí ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó di dandan láti kọ́kọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní oríkì. Aláìwọsíkì ni àlejò tó wá sí ìlú òkè nígbà yìnyín, tó san owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ bí gbogbo àlejò, ṣùgbọ́n tí kò de pákó mọ́ ẹsẹ̀ láti ọjọ́ tó dé títí di ọjọ́ tó padà. Oríkì yìí kò wádìí ohun tó fà á. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ fi tipátipá mú wá, àti ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé òun kò gbàgbé ohunkóhun sórí òkè tí òun fẹ́ lọ wá, ìsọ̀rí kan náà ni gbogbo wọn. Onísíkì tó fi ọjọ́ kan sinmi kò sí lára wọn, nítorí ìsinmi kì í ṣe ipò. Bẹ́ẹ̀ náà ni onísíkì tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀: ipò rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí a lé kúrò lórí oyè, kì í ṣe ti ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí.

Ìtàn tí ìlú náà ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1864 ń parí lọ, Johannes Badrutt, ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì Kulm, bá àwọn àlejò Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ta tẹ́tẹ́. Títí di ìgbà náà, ìgbà ooru nìkan ni àlejò ń wá, kí wọ́n lè mu omi ìsun ibẹ̀ fún ìlera. Badrutt ní kí wọ́n padà wá nígbà òtútù. Ó ní oòrùn á ràn débi pé wọn yóò bọ́ kóòtù. Bí ọ̀rọ̀ òun kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò san owó ìrìn-àjò wọn; bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dúró títí tó bá wù wọ́n láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n dé nígbà Kérésìmesì, wọ́n sì padà sílé nígbà Àjíǹde. Ohun tó ṣe kókó fún ìwádìí yìí ni ohun tí àwọn mẹ́rin náà kò ṣe. Síkì kò tíì dé àfonífojì náà gẹ́gẹ́ bí eré ní 1864, nítorí náà gbogbo àlejò ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní St. Moritz, láìku ẹnì kan, ló jẹ́ aláìwọsíkì, gbogbo wọn ló sì gbádùn débi pé wọ́n lo oṣù bíi mélòó kan lọ́dọ̀ ẹni tó borí wọn nínú tẹ́tẹ́ náà.

Bí a bá tẹ̀lé àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, èrò náà á túbọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1880 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkúta lórí omi dídì nínú eré curling. Ọ̀nà sílẹ́ẹ̀jì tí a ń pè ní Cresta Run dé ní ìgbà òtútù 1884 sí 1885, ọ̀nà bobsleigh, ìyẹn sílẹ́ẹ̀jì ńlá tí ènìyàn ń jókòó sínú rẹ̀, dé ní 1904, ìje ẹṣin lórí adágún tó dì dé ní 1907, ilé ọnà Segantini sì ṣí ní 1908. Ilé-ẹ̀kọ́ síkì àkọ́kọ́ ní Swítsálándì, tó ṣí ní ìlú yìí kan náà, kò dé àfi ní 1929. Ẹ̀rọ tó ń fa onísíkì gòkè kò sì dé àfi ní 1935. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ọdún 1928, èyí tó wáyé ní St. Moritz. Síkì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ rírìn lórí ilẹ̀ àti ti fífò ni. Ìyọ̀wálẹ̀ láti orí òkè, tí àlejò òde òní ka sí ìdí pàtàkì tí ìlú náà fi wà, kò sí lára ìdíje náà rárá. Ó di ìgbà tí Òlíḿpíìkì padà sí ìlú náà ní 1948 kí ó tó ní ìdíje Òlíḿpíìkì tirẹ̀ níbẹ̀. Síkì ni àbígbẹ̀yìn nínú ilé yìí, àbígbẹ̀yìn tó wá gba yàrá tó tóbi jù, tí àwọn àlejò sì ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n wá ṣe nínú ilé.

Kí ló bí àwọn iṣẹ́ tó ṣáájú wọ̀nyí? Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rí tọ́ka sí: àkókò tó pọ̀ ju ohun tí a lè fi ṣe lọ, òtútù tí oòrùn kò jẹ́ kó pa ènìyàn, àti owó. Ẹni tó ti wo òkè kan náà láti ojú fèrèsé kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ní ṣàì ronú nípa bí òun ṣe lè já bọ́ láti orí rẹ̀ lọ́nà tó bójú mu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun sílẹ́ẹ̀jì, ìyẹn pẹpẹ kékeré tí irin méjì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi í já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òpópónà ìlú débi pé wọ́n ń kọlu àwọn tó ń rìn jẹ́jẹ́ tiwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lé wọn kúrò nílùú. Ìgbìmọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì Kulm, ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìṣètò ìgbádùn ìta gbangba lọ, ìgbìmọ̀ náà ló sì yan ọ̀nà, tó wọ̀n ọ́n, tó sì mú kí wọ́n mọ ọ́n. Davos, ìlú òkè mìíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà, ti ṣe ìdíje sílẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ ní 1883, kò sì sí iyèméjì pé ìjowú kó ipa tirẹ̀. Ibi díẹ̀ ló wà láyé tí a ti lè tọ́ka sí ìgbà òtútù kan pàtó tí àìríṣẹ́ṣe àwọn olówó di ètò ìṣàkóso.

Ohun tí ìgbìmọ̀ náà bí tọ́ sí àyẹ̀wò kíkún. Cresta Run gùn ní 1,212 mítà, ó fi 157 mítà rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kọ́nà mẹ́wàá tí olúkúlùkù ní orúkọ. Kò sí kọnkéré nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi yìnyín àti omi mọ ọ́n láti ìpìlẹ̀, ọdọọdún sì ni oòrùn ń yọ́ ọ dànù, nítorí náà ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni gùn lọ́dún tó kọjá kò sí láyé mọ́. Agùnsílẹ́ẹ̀jì á dojú bolẹ̀ lórí irin, orí rẹ̀ ni yóò ṣáájú, àgbọ̀n rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí omi dídì. Kò ní ìtọ́kọ̀, kò ní bíréékì. Ara rẹ̀ ló fi ń darí, àwọn eyín irin tí a kàn mọ́ imú bàtà rẹ̀ ló sì fi ń dín eré kù. Àwọn ọ̀jáfáfá máa ń sá ju 120 kìlómítà ní wákàtí lọ. Láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ òkè dé òpin kì í gba ọ̀jáfáfá tó ìṣẹ́jú kan. Ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín ìpalẹ̀mọ́ àti ìgbádùn níbí, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi mọ ọ̀nà sí ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi gùn ún, kò fi bẹ́ẹ̀ ní alábàádọ́gba nínú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Kọ́nà tó ṣe pàtàkì jù fún tíọ́rì ni Shuttlecock. Kọ́nà yìí kò ga tó àwọn yòókù, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí eré rẹ̀ ti kọjá agbára rẹ̀ lè fò jáde níbẹ̀ sínú yìnyín rírọ̀ àti koríko gbígbẹ kó tó dé ibi tí jíjáde ti léwu jù. Ẹni tó bá já bọ́ níbẹ̀ ti di ọmọ Ẹgbẹ́ Shuttlecock lójú ẹsẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ táì ẹgbẹ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti dá sílẹ̀, àṣeyọrí, ìran tàbí owó ni ẹnu ọ̀nà. Nínú èyí, ìkùnà tó wáyé ní ibi tó tọ́ ni. Ẹni tó já bọ́ ní kọ́nà mìíràn kò rí nǹkankan gbà. Ẹni tí kò já bọ́ rárá kò lè wọlé bó ti wù kó mọ eré náà tó. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí jinlẹ̀: ó yí ìtìjú padà sí oyè, ó sì jẹ́ kí aláìmọ̀ọ́gùn fẹ́ràn láti jáde níbi tí ara rẹ̀ yóò ti le. Mo ka Shuttlecock sí ohun tó dára jù tí ìlú òkè kankan tíì ṣe fún àlejò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbà láyè kò yẹ ní fífò dá. Àwọn obìnrin gun Cresta láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1929 ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n ní nítorí ìlera wọn ni. Ó di 2018 kí wọ́n tó tún un ṣí. Eré skeleton ti Òlíḿpíìkì, tí wọ́n ń fi orí ṣáájú gùn bíi ti Cresta, tí orísun rẹ̀ wà lórí omi dídì yìí, wáyé níbẹ̀ ní 1928 àti 1948, ó sì kúrò nínú Òlíḿpíìkì títí di 2002. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ọdún tí ìlẹ̀kùn Cresta ṣí, Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà nínú eré náà ní Pyeongchang ní Kòríà Gúúsù, ó sì di obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òlíḿpíìkì. Níbẹ̀ náà ni Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ti gun bobsleigh fún Nàìjíríà. Pákó ni Adigun fi kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò ní Amẹ́ríkà. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó de síkì mọ́ ẹsẹ̀ láti dé ibẹ̀. A lè fi èyí gbe èrò wa lẹ́sẹ̀ pé láàárín gbogbo ọ̀nà tí yìnyín ní, ti aláìwọsíkì ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tó jìnnà jù.

Bobsleigh fúnra rẹ̀ gba àyè tirẹ̀ nínú ìsọ̀rí, nítorí ó jẹ́ kí àlejò di ẹrù. Ọ̀nà tó lọ láti St. Moritz dé Celerina gùn ní 1,722 mítà, omi dídì àdánidá sì ni gbogbo rẹ̀. Àlejò lè sanwó kí wọ́n gbé e já a: atukọ̀ á wà níwájú, ẹni tó ń fa bíréékì á wà lẹ́yìn, àlejò á wà láàárín. Kò ní ohun tí yóò ṣe. Kò lè darí, kò lè dúró, kò sì lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò gbọ́. Ẹni tó jókòó ti bíréékì náà kò gbọ́dọ̀ fà á àfi tí wọ́n bá dé òpin. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a yẹ̀ wò, èyí ni aláìwọsíkì ti sún mọ́ ewu jù, òun náà sì ni ojúṣe rẹ̀ ti kéré jù.

Adágún St. Moritz tún gbé ìlànà mìíràn jáde, èyí tí ìwádìí yìí pè ní òfin ìṣípòpadà. Ìlànà náà ni pé eré èyíkéyìí tí a dá sílẹ̀ fún koríko kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbé e sórí omi dídì, bí àlejò tó mọ eré náà bá ti pọ̀ tó láàárín ìlú. Ìje ẹṣin ṣí lọ síbẹ̀ ní 1907, ó sì ń wáyé ní àwọn ọjọ́ Àìkú oṣù Kejì. Pólò tẹ̀lé e ní 1985, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù pupa tó tóbi ju ti orí koríko lọ, kí ojú lè rí i lórí funfun. Kírikẹ́ẹ̀tì dé ní 1988, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí yìnyín kí bọ́ọ̀lù lè ta. Gọ́ọ̀fù náà ti dé ibẹ̀. Ohun tó yẹ ní kíkíyèsí nínú ìṣípòpadà yìí ni pé kò mú eré kankan rọrùn. Ẹṣin gbọ́dọ̀ wọ bàtà irin tó ní ìṣó. Àwọn amòye gbọ́dọ̀ lu omi dídì náà kí wọ́n wọn bó ti nípọn tó, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àgọ́ àti ilé ìdáná gun orí rẹ̀. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá sì là, ìje á dúró. Òfin náà kò wá ìrọ̀rùn. Ó ń wá ìdánilójú pé kò sí ilẹ̀ tí a kò lè ṣe ohun tí a ń ṣe nílé lórí rẹ̀, ìdánilójú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà gbé kiri ayé, tí ó sì ṣe ìpalára ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ìpalára rẹ̀ lórí adágún yìí kò tó ti ibòmíràn.

Ẹjọ́ kan ṣòro nínú ìsọ̀rí yìí, òun ni skikjöring. Nínú eré náà, ẹṣin tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ ń sáré lórí adágún, ènìyàn kan sì di okùn mú lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú síkì lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣe é lójú ọ̀nà tó lọ sí Champfèr ní 1906, wọ́n gbé e wá sórí adágún lọ́dún kejì, wọ́n sì fi hàn gẹ́gẹ́ bí eré àfihàn ní Òlíḿpíìkì 1928. Bí a bá lo oríkì aláìwọsíkì, ẹni yìí jẹ́ onísíkì láìsí àríyànjiyàn, nítorí pákó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí a bá lo oríkì síkì tó ṣáájú nínú ìwé yìí, kò ṣe síkì, nítorí adágún tẹ́jú, kò sì sí òkè kankan tó ti yọ̀ wá. Oríkì méjèèjì tọ́, wọ́n sì tako ara wọn. Àwọn kan lè sọ pé ohun tó ń gbé ènìyàn lọ ni kó pinnu, pé ẹni tí òkè kò gbé, tí ẹṣin ló gbé e, ẹlẹ́ṣin ni. Èyí kò tọ́ pátápátá, nítorí ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ wà lórí ẹṣin. Ó yẹ kí a dá ìsọ̀rí kẹta sílẹ̀ fún un, ìsọ̀rí afẹṣinfà, kí a sì gbà pé ìsọ̀rí náà kò ní ju ìwọ̀nba àwọn ènìyàn díẹ̀ lọ ní gbogbo àgbáyé. Ẹni tó bá borí nínú àpapọ̀ ìje ọdún kan ni wọ́n ń fi jẹ Ọba Engadin. Ìjọba ìbílẹ̀ kò ka oyè náà sí ohun tó ta ko òfin.

Lẹ́yìn ìṣubú àti ìfàlọ, ìjókòó ló kàn, rélùwéè sì ni ibùjókòó tó lọ́lá jù. Ọ̀nà irin dé St. Moritz ní 1904. Láti 1930 ni ọkọ̀ Glacier Express ti ń so ìlú náà pọ̀ mọ́ Zermatt: 291 kìlómítà, afárá 291, ihò inú òkè 91, ìrìn-àjò náà sì ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Àwọn tó ń tà á ti fi ìlọ́ra rẹ̀ polówó, wọ́n ń pè é ní ọkọ̀ kíákíá tó lọ́ra jù láyé, àwọn àlejò sì ń san owó púpọ̀ láti má ṣe yára dé. Ọ̀nà Bernina, tí UNESCO fi sínú ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2008 pẹ̀lú ọ̀nà Albula, tún gbé ìwádìí yìí síwájú ju bí a ti retí lọ. Láti ibùdókọ̀ Ospizio Bernina tó wà ní 2,253 mítà, ọkọ̀ náà ń rọ wá sí Tirano ní Itálì, tó wà ní 429 mítà, láìsí irin eléyín kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìrọ̀sílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,824 mítà. Onísíkì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó òkè Corvatsch ní 3,303 mítà, tó sì yọ̀ dé Surlej ní 1,870 mítà, kò rọ ju 1,433 mítà lọ. Bí ìwọ̀n ìgbádùn òkè bá jẹ́ gíga tí a sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onísíkì fúnra wọn ti ń wí, a jẹ́ pé aláìwọsíkì tó jókòó pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ ti fi nǹkan bí 391 mítà borí, láìlàágùn.

Ti oúnjẹ àti omi kò nílò àríyànjiyàn púpọ̀. Àkàrà òyìnbó tí àfonífojì náà fi ń yangàn ni Nusstorte, èyí tí wọ́n ń fi wọ́nọ́ọ̀tì, ṣúgà yíyan àti kírímù kún inú rẹ̀. Igi wọ́nọ́ọ̀tì náà, tí kì í ṣe ti àsálà ilẹ̀ Yorùbá, kò lè dàgbà ní gíga Engadin. Àwọn aláṣè ilẹ̀ Graubünden tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Venice títí wọ́n fi lé wọn kúrò níbẹ̀ ní 1766, tí wọ́n sì fọ́n ká Yúróòpù, wà lára àwọn tó mú ìmọ̀ irú àkàrà bẹ́ẹ̀ wálé. Omi ìsun ni ó pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ yí orísun omi onírin tó wà nísàlẹ̀ ìlú náà ká ní 1907, wọ́n bá àpótí igi ńlá tí àwọn ènìyàn àtijọ́ fi gba omi náà, wọ́n sì ti fi òrùka inú igi rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan bí 1411 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gé e. Idà wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jù sínú omi bóyá fún ètùtù. Paracelsus, oníṣègùn nì, kọ̀wé yin omi náà ní 1535. Aláìwọsíkì tó gbé ife rẹ̀ síbẹ̀ lónìí ń ṣe iṣẹ́ tó ti lé ní 3,400 ọdún. Ẹni mímọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú àti ìsun náà, Mauritius, jẹ́ ọ̀gágun tí ìtàn ìjọ sọ pé ó ti Thebes ní Íjíbítì wá, tí wọ́n pa ní Swítsálándì nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ló ni ìlú náà ní orúkọ.

Ìwòran ni ìpín tó kù, àwọn ohun inú rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ilé ìṣọ́ wíwọ́ tó wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ Cresta ga ní 33 mítà, ó sì fi dígírì 5.5 tẹ̀, tó ju ti Pisa lọ. Ilé ìjọsìn tó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n wó ní 1893, wọ́n sì fi èyí tó tẹ̀ sílẹ̀. Wíwò ó kò gba àkókò. Àwọn ilé ìtajà olówó iyebíye tó wà ní òpópónà Serlas kò gba ju gbólóhùn yìí lọ, nítorí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ wà ní ìlú ńlá gbogbo.

Ilé ọnà Segantini yàtọ̀. Nicolaus Hartmann ló yàwòrán ilé olórùlé róbótó náà, àwọn àwòrán ńlá mẹ́ta tí Giovanni Segantini ya nípa ìyè, ìṣẹ̀dá àti ikú ló sì wà lábẹ́ òrùlé náà. Wọ́n jẹ́ ara iṣẹ́ kan tó pète fún àfihàn àgbáyé ní Paris lọ́dún 1900, tí owó kò tó láti ṣe tán. Ó gun òkè Schafberg lọ láti máa ya èyí àárín níwájú ohun tó ń yà gan-an, nínú afẹ́fẹ́ tútù; àìsàn inú mú un níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1899, ní ẹni ọdún 41. Nínú àwòrán kẹta, wọ́n ń gbé òkú jáde láti inú ahéré sínú yìnyín, ẹṣin àti sílẹ́ẹ̀jì sì ń dúró dè é. Ẹni tó bá ti gun Cresta láàárọ̀, tó sì dúró níwájú àwòrán yìí lọ́sàn-án, ti rí gbogbo ohun tí sílẹ́ẹ̀jì wà fún ní àfonífojì náà. Mo gbà gbọ́ pé yàrá yìí nìkan tó ìdí láti gun ọkọ̀ lọ sí St. Moritz, mi ò sì mọ onísíkì kan tí ó yẹ kí a fi òkè rẹ̀ wé e. Ní Sils Maria, tí kò jìnnà, Friedrich Nietzsche, onímọ̀ ọgbọ́n-orí nì, lo ẹ̀ẹ̀rùn méje láàárín 1881 àti 1888 nínú yàrá kékeré kan, ó ń rìn lẹ́bàá adágún lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí èrò nípa ìpadàbọ̀ ayérayé ohun gbogbo wá sí i lọ́kàn, nítòsí àpáta kan lẹ́bàá adágún Silvaplana. Ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀.

Ìṣe kan ṣì wà tí ìsọ̀rí wa kò lè gbà, nítorí kì í ṣe ti àlejò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, àwọn ọmọ ilé-ìwé Engadin máa ń gbé agogo màlúù kọ́ra, wọ́n á máa lù ú káàkiri àwọn ìsun àti òpópónà pẹ̀lú orin, kí ìgbà òtútù lè bẹ̀rù kó sì lọ. Chalandamarz ni wọ́n ń pe àjọ̀dún náà, ìwé àwòrán tí Selina Chönz kọ tí Alois Carigiet sì ya ní 1945 ló sọ ọ́ di mímọ̀ fún àwọn ọmọdé káàkiri ayé: ìtàn ọmọ kan tí wọ́n fún ní agogo tó kéré jù, tó sì gòkè lọ nínú yìnyín láti wá ńlá. Ìlú tí yìnyín ń bọ́ ló ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n lé yìnyín lọ, nígbà tí àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì ṣì ń retí pé kó bọ́ sí i. A kò rí àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ní àsìkò tí òkè máa ń dára jù fún síkì, nítorí náà àwọn tó máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wò ó ni àwọn òbí, àwọn àgbà ìlú, àti àwọn aláìwọsíkì.